Ẹni Tó Na Ọwọ́ Nísàlẹ̀ Àjà

Láyé àtijọ́, obìnrin kan wà ní ìlú Ìwàrè tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Opó ni. Ó ti sin ọmọ púpọ̀ kí ó tó bí Kújẹnyọ̀, orúkọ tí ó sì sọ ọmọ náà ti sọ gbogbo ohun tí ó ní í bá ikú sọ. Kújẹnyọ̀ yè, ó dàgbà, ó di géńdé tó mọ ọ̀pẹ gùn bí ọ̀kẹ́rẹ́. Kò burú lọ́mọ. Kìkì pé ó máa ń yára gba ohun tí àgbà bá sọ fún un gbọ́, àwọn àgbà tó ń wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ rí i.

Iṣẹ́ epo ni iṣẹ́ Ìwàrè. Bí wọ́n bá fún epo tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé kọ̀ọ̀kan a bu díẹ̀ wá, wọn a dà á pọ̀ sínú ìkòkò kan tí wọ́n ń pè ní ìkòkò epo ìlú. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, tàbí tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ nígbà tí epo ti tán nílé, inú ìkòkò yìí ni wọn yóò ti bù fún un, kò sì ní dá a padà. Àjà ilé Ọ̀dọ̀fin ni wọ́n ń gbé e sí, níbi tí ewúrẹ́ àti ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Gbígbé rẹ̀ gòkè tàbí sísọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹnìkan ní láti wà lórí àjà, kí ẹnìkejì dúró nísàlẹ̀. Ọmọ Ìwàrè ni ẹni tó bá mọ èyí, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò sí ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀.

Ọ̀dọ̀fin ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Àbúrò rẹ̀ tí ń jẹ́ Arówólò ló ń bá a bójú tó ilé. Arówólò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Bí ìlú bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, òun ni ọba ń rán, nítorí pé ó lè bẹ ẹni tó ń bínú títí onítọ̀hún yóò fi máa bẹ òun náà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ìlú máa wo ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Ìwàrè kò wò ó.

Ní àsìkò òjò ọdún kan, gbogbo ìlú jáde lọ ro ojú ọ̀nà oko. Nígbà tí wọ́n máa padà dé ní ọ̀sán, kò sí ìkòkò epo lórí àjà mọ́. Ìyá àgbà kan tí kò lè lọ síbi iṣẹ́ ní òun rí Kújẹnyọ̀ tó ń gba ẹ̀yìnkùlé Ọ̀dọ̀fin sá lọ, epo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Kí àwọn ènìyàn tó dé ilé Àwẹ̀ró, ọmọ náà ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò Ọ̀sàrà, ó ti di ará Ẹrínlú, ìlú tó wà ní òdìkejì odò.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀fọ̀ ṣẹ ìdílé kan. Kò sí epo tí wọn yóò fi se oúnjẹ fún àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn, ojú sì ti gbogbo ìlú.

Òfin Ìwàrè le lórí epo ìlú. Títí olè yóò fi dé iwájú ọba, ìyá rẹ̀ ni ìyà ọ̀ràn náà wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní iná, òun náà kò sì gbọdọ̀ wọ ilé ẹlòmíràn lọ wá a. Wọn a wá sí ìdí ààrò rẹ̀, wọn a da omi sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí Àwẹ̀ró. Obìnrin tó ti ń dáná láti kékeré wá ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ eérú tútù, àwọn tí ó ti bá wẹ ọmọ sì ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú, kí ọmọ rẹ̀ padà wá jẹ ìyà rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ó máa ń sọ ọ́ jáde fún ara rẹ̀ pé, “Kí ó wá jìyà lójú mi ó sàn ju kí ó máa gbádùn níbi tí n kò ti ní rí i mọ́.”

Ìwàrè àti Ẹrínlú ti ní àdéhùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ní ìhín odò, tí ó sá lọ sí ọ̀hún, ìlú tí ó sá lọ yóò gbà á sílé, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi í pamọ́. Ìlú tó ni ín yóò rán ènìyàn méjì wá sí abẹ́ igi ayùnrẹ́ tó wà ní etí odò. Ẹnìkan ni ẹnu ìlú, òun nìkan ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹnìkejì ni ojú ìlú, yóò wò, yóò gbọ́, kò sì ní sọ nǹkan. Ẹnu ìlú yóò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìlú méjèèjì kà sí ẹ̀ṣẹ̀, bí olè jíjà tàbí ìpànìyàn, wọn yóò fa ẹni náà lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dárúkọ lábẹ́ igi nìkan ni wọ́n sì lè torí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, Ẹrínlú kò ní dá a padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló lé baba ńlá tiwọn fúnra wọn dé etí odò náà. Baálẹ̀ yóò fi ọ̀pá rẹ̀ kan igi, ẹnikẹ́ni kò sì ní bèèrè onítọ̀hún mọ́ láéláé.

Ohun kan tún wà nínú àdéhùn yìí. Ẹni tí wọ́n bá wá mú kì í jẹun lọ́wọ́ àwọn tó wá mú un, kí wọ́n má baà fi májèlé ṣe ìdájọ́ lójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ni yóò bá àwọn ìránṣẹ́ wá, òun ni yóò gbé oúnjẹ rẹ̀ dání.

Oníwàrè yan Arówólò gẹ́gẹ́ bí ẹnu. Ta ni ìbá tún yàn? Ó yan Jagùnnà, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ojú. Àwẹ̀ró gbé àwo kan tí ó fi ewé bò, ó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Ẹrínlú ní òwúrọ̀.

Baálẹ̀ Ẹrínlú ń jẹ́ Ajíṣafẹ́. Ó sanra, ó fẹ́ràn àwàdà, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sí abẹ́ igi ayùnrẹ́, kì í kánjú. Kújẹnyọ̀ jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Ó ti ń bá wọn tún àwọ̀n ṣe láti ìgbà tó ti dé. Nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀, ó sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Baálẹ̀ kí wọn, ó béèrè àlàáfíà ilé àti ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ta ni ẹnu Ìwàrè?”

Arówólò ní, “Èmi ni, Baba.”

“Kí ni ọmọ yìí ṣe yín?”

Arówólò tún aṣọ rẹ̀ gbà léjìká, ó wúkọ́, ó ní, “Ó bú Kábíyèsí, Baba. Ọ̀rọ̀ burúkú tó sọ sí ọba wa kò ṣeé tún sọ lójú àwọn àgbà.”

Jagùnnà wo Arówólò, ó wo odò, ó tún wo Arówólò. Òun ni ojú, kò ní ẹnu níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ti máa sọ pé àánú ọmọ opó ló ṣe Arówólò, tó fi dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí Ẹrínlú kì í torí rẹ̀ dá ènìyàn padà. Àánú kọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí a máa bá ìtàn wa lọ.

Baálẹ̀ ní, “Èébú? Èébú nìkan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Bí ẹ bá sì ní ẹ kò ní dá a padà, a ó gbà bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ni àdéhùn.”

Baálẹ̀ ní, “Ìránṣẹ́ tó ti gba ‘rárá’ kí a tó sọ ọ́ rèé. Ó dára. Ẹrínlú kì í dá ènìyàn padà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu.” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè láti fi kan igi.

Àwẹ̀ró rí ọ̀pá yẹn lókè. Ó mọ̀ pé bí ó bá kan igi, òun kò ní rí ọmọ òun ní Ìwàrè mọ́, òun kò sì ní dáná mọ́ títí òun yóò fi kú. Kò ní ẹ̀tọ́ láti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan, ní ìhín odò tàbí ní ọ̀hún, tó ní kí ìyá má bá ọmọ rẹ̀ wí. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó kọjú sí Kújẹnyọ̀.

“Kújẹnyọ̀! Ìgbà wo lo bú ọba?”

Ọmọ náà ní, “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́.”

“N kò ní dákẹ́. Ìwọ tí ojora máa ń mú bí ìlẹ̀kùn ààfin bá ṣí, ìwọ lo wá ní ẹnu tí o fi ń bú ọba? Epo lo jí! Epo ìlú lo jí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń lé ọ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ dá ọ dúró síbí. Olè ni ọ́, Kújẹnyọ̀. Sọ fún wọn pé olè ni ọ́!”

Àwọn kan nínú àwọn ará Ẹrínlú bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò rí i rí kí ìyá máa du orúkọ olè fún ọmọ rẹ̀.

Arówólò sáré ní, “Baba, ẹ má dá a lóhùn. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ níbí. Ìyà ti ṣe é lórí.”

Baálẹ̀ rọra sọ ọ̀pá kalẹ̀ sí orí itan rẹ̀. Ó ní, “Kò bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń bá wí. Ẹrínlú kì í sì í dí ìyá lọ́wọ́ ìyẹn. Ìyá, ẹ máa bá a wí lọ. Kìkì pé kí ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, etí mi ti ń wúwo.”

Àwẹ̀ró ti àwo síwájú Kújẹnyọ̀. Ó ní, “Oúnjẹ rẹ rèé. Ṣí i.”

Kújẹnyọ̀ ṣí ewé. Àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n rẹ sínú omi ló wà níbẹ̀, nǹkan mìíràn kò sí.

“Kí lèyí, Ìyá mi?”

“Oúnjẹ ẹni tí kò ní iná ni. Ohun tí mò ń jẹ láti ọjọ́ tí o ti lọ nìyẹn, òun náà ni mo bù wá fún ọ.”

Ọmọ náà tẹjú mọ́ àgbàdo yẹn pẹ́. Ó ní, “Wọn kò gbé iṣu sísè wá fún yín láti ẹ̀yìnkùlé? Wọn kò gbé nǹkankan wá?”

“Ta ni yóò gbé iṣu wá fún mi?”

Kújẹnyọ̀ gbé ojú sókè, ó ń wo Arówólò. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tó ń wò.

Ó wá sunkún. Géńdé bí i tirẹ̀ sunkún lójú gbogbo ènìyàn, kò sì nu omijé náà. Ó ní Arówólò ló fi àjà han òun. Arówólò ló ní bí epo náà bá tà, òun yóò lọ bá Kújẹnyọ̀ tọrọ ìyàwó. Nígbà tí àṣírí sì tú, òun náà ló sáré wá ní kí ó kọjá odò, kí ó pa ẹnu mọ́, pé òun yóò máa bọ́ ìyá rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà yóò rọlẹ̀. “Ìyá mi, nítorí pé mo rò pé ẹ ń jẹun ni mo ṣe dákẹ́.”

“Irọ́ ni!” Arówólò dìde. “Olè ń wá ẹni tí yóò fi kẹ́gbẹ́. Baba, ẹ kan igi yín, kí a máa lọ.”

Baálẹ̀ ní, “Ìwọ wá ni ó ń kánjú tó báyìí kí n má dá a padà?”

Nígbà náà ni Jagùnnà dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, ó ní, “Baba, ojú ni mo jẹ́, n kò yẹ lẹ́ni tí ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ọ̀ràn bá ti kàn kì í ṣe ẹnu ìlú mọ́. Epo ni Kábíyèsí rán wa wá bèèrè. Kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi sì wà lára àwọn tó gbé ìkòkò yẹn gòkè lọ́dún yìí. Èmi ni mo dúró nísàlẹ̀. Mo yẹ kí n ti béèrè láti ilé pé, ta ló dúró níbi tí mo dúró sí? N kò béèrè. Ojú tì mí.”

Baálẹ̀ ní, “Epo jẹ́ epo. Olè jẹ́ olè ní ìhín, ó jẹ́ olè ní ọ̀hún. A fà á lé yín lọ́wọ́. Nítorí epo nìkan ni kí ẹ ṣe dá a lẹ́jọ́, kí gbogbo ẹni tí epo náà bá ta sí lára sì bá a dé iwájú ọba.” Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, kò kan igi. Inú ọkọ̀ kan náà ni Arówólò àti Kújẹnyọ̀ wọ̀ padà sílé, Àwẹ̀ró sì jókòó sí àárín wọn.

Ní Ìwàrè, Jagùnnà mú àwọn ènìyàn dé ahéré Arówólò. Abẹ́ háríhá àgbàdo ni wọ́n ti bá ìkòkò epo ìlú, epo inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ku ìdajì. Ohun tí yóò jiyàn ti tán fún Arówólò, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ó dúró níwájú Oníwàrè, ó ní:

“Kábíyèsí, mo jẹ̀bi díẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí a pe olè ní olè. Ẹsẹ̀ mi kò kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. N kò gun àkàsọ̀, n kò dé àjà, ọwọ́ mi kò kan ìkòkò níbi tí ìlú gbé e sí. Ọmọ yìí ló gòkè, òun ló gbé e. Èmi kàn gba ohun tí wọ́n nà sí mi ni.”

Àwọn kan nínú àwọn ìjòyè mi orí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́.

Ọba bi Kújẹnyọ̀ pé, “Nígbà tí o wà lókè, kí lo ṣe?”

Kújẹnyọ̀ ní, “Kábíyèsí, mo gbé ìkòkò náà sí itan mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo rántí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti bu epo fún ìyá mi nígbà tí bàbá mi kú. Mo fẹ́ dá a padà. Mo tilẹ̀ ti yí i padà. N kò lè gbé e sọ̀kalẹ̀ fúnra mi lọ́nàkọnà, ó wúwo, ó sì ń yọ̀. Bàbá yìí ni wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè láti ìsàlẹ̀, wọ́n ní, ‘Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ti gbà á.’ Ni mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

“Ká ní kò sí ọwọ́ nísàlẹ̀ ńkọ́?”

“Ìkòkò ì bá ṣì wà lórí àjà, Kábíyèsí.”

Kò sí ìjòyè tó tún mi orí.

Oníwàrè dá ẹjọ́. Kújẹnyọ̀ yóò máa bá ìlú gún ẹyìn, yóò máa bá wọn fún epo, láìgba nǹkankan, títí àsìkò epo tó ń bọ̀ yóò fi parí. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ti Arówólò, yóò sì fi epo tirẹ̀ kún ìkòkò náà dé ẹnu, kò sì ní jẹ́ ẹnu ìlú mọ́ láé. Arówólò kígbe. Ó ní báwo ni ìyà ẹni tó dúró nílẹ̀ yóò ṣe ju ti ẹni tó gòkè lọ?

Ọba ní, “Ẹni tó gòkè ti fẹ́ dá a padà. Ọwọ́ rẹ ni kò jẹ́ kó dá a padà.”

Kí wọ́n tó túká láàfin, ìyàwó ilé kejì ti sáré lọ sílé. Ó fi àpáàdì kó ẹ̀yinná, ó gbé e wọ ilé Àwẹ̀ró láìkan ìlẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́n eérú tútù dànù, wọ́n fọn iná náà títí ó fi ràn. Àwẹ̀ró da àgbàdo tó ṣẹ́ kù nínú àwo yẹn sínú ìkòkò, ó gbé e ka iná, òun àti ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í títí ó fi jinná.

Ọdún gorí ọdún, àwọn tó mọ Arówólò kú tán, odò Ọ̀sàrà sì ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí àwọn ará Ìwàrè ń sọ jáde láàfin lọ́jọ́ yẹn kò kú, òun ni àwọn àgbà ṣì fi ń dá ẹni tó bá ń fọwọ́ bo olè lẹ́kun títí dòní: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.